Ẹjọ́ Bessie Mears: Lámèyítọ́ lórí Kíkọ́ni ní Native Son ní Òkè Ìdànrè

Èrò kan wà láàárín àwọn kan tó ń ṣe lámèyítọ́, ìyẹn àyẹ̀wò ìwé láti mọ ibi tó gún régé àti ibi tó kù sí, pé Native Son, ìwé-ìtàn àròsọ tí Richard Wright, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1940, kò yẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí pé ìpànìyàn àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kún inú rẹ̀. WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò fara mọ́ èrò yìí, torí wọ́n fi ìwé náà sára àwọn ìwé àṣàyàn fún ìdánwò Lítíréṣọ̀ láti ọdún 2016 sí 2020, ó sì di ohun tí olùkọ́ Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lè kọ́ni gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ Èkó tàbí ti Accra. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ ló yẹ kó fa àríyànjiyàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ alálàyé ti ṣìnà.

Àwọn tó ń kọ ìwé àkọ́sórí fún ìdánwò ti sọ ìtàn yìí di ìwàásù: wọ́n ní Bigger Thomas, ọmọ ogún ọdún tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, kó ẹgbẹ́ burúkú, ó pànìyàn, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un, kí ọmọ tó bá gbọ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Àlàyé ọ̀lẹ ni èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan pẹ̀lú kò sàn jù wọ́n lọ, àwọn tó jẹ́ pé ohun tí òǹkọ̀wé James Baldwin sọ lọ́dún 1949 nìkan ni wọ́n ń tún sọ, pé ìwé-ìtàn afẹ̀hónúhàn, èyí tí a kọ láti tako ìrẹ́jẹ, a máa bọ́ ìwà ènìyàn kúrò lára ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Baldwin ka ìwé náà kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò fara balẹ̀ kà á.

Inú yàrá kan ṣoṣo ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Aago ìtanijí dún, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta jí, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì sì ní láti kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyá wọn àti Vera, arábìnrin wọn, tó lè wọṣọ. Wọn kò tíì jẹun òwúrọ̀ tí eku ńlá kan fi yọ sí wọn. Bigger fi páànù ìdáná pa á, ó sì ń fi òkú rẹ̀ dẹ́rù ba Vera títí ọmọ náà fi dákú. Dọ́là 8 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san lórí yàrá eléku yìí, Ọ̀gbẹ́ni Dalton ló sì ni ilé-iṣẹ́ tí owó náà ń bọ́ sí lọ́wọ́, ìyẹn olówó aláwọ̀ funfun tó gba Bigger síṣẹ́ awakọ̀, baba Mary tí Bigger ṣèèṣì pa nígbà tó fi ìrọ̀rí dí i lẹ́nu kí ìyá rẹ̀ afọ́jú má baà mọ̀ pé òun wà nínú yàrá náà. Nígbà ìwádìí ikú, Max, agbẹjọ́rò Bigger, bi Dalton léèrè ìdí tí owó ilé aláwọ̀ dúdú fi ga ju ti aláwọ̀ funfun lọ, àti ìdí tí kò fi fún wọn nílé ní àdúgbò mìíràn. Dalton fi àṣà tó ti wà tipẹ́ ṣe àwáwí. Òun kan náà ló ti ná owó tó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là lórí ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tó tún fi tábìlì téníìsì ta ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ́rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìdànrè, ìlú tí a mọ̀ mọ́ kòkó, kò nílò àlàyé gígùn níbí, bí olùkọ́ bá lè rán an létí ìṣákọ́lẹ̀, owó tàbí irè tí àlejò ń san fún onílẹ̀ kó tó lè dáko. Yóò rí i fúnra rẹ̀ pé àlejò lè kúrò lọ́dọ̀ onílẹ̀ kan kó lọ bá òmíràn, ṣùgbọ́n ìdílé Thomas kò níbi tí wọn yóò kó lọ kúrò ní South Side, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Chicago.

Síbẹ̀, àlàyé yìí kò gbọdọ̀ di àwáwí fún Bigger, ọ̀ràn Bessie Mears ni kò sì jẹ́ kó lè dà bẹ́ẹ̀. Bessie, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, ni Bigger fipá bá lò pọ̀ nínú ilé ahoro kan, tó sì fi bíríkì fọ́ lórí lójú oorun. Ikú Mary da gbogbo Chicago rú. Òkú Bessie ni wọ́n gbé wọlé síwájú kọ́rónà, aṣèwádìí ikú, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé Bigger pa Mary. Ojú-ewé wọ̀nyí ni olùkọ́ onítìjú ń fò, kò sì mọ̀ pé ohun tí kọ́ọ̀tù náà ṣe sí Bessie lòun náà ń ṣe sí i. Fífò ojú-ewé kò bẹ̀rẹ̀ lónìí: nítorí Book-of-the-Month Club, ẹgbẹ́ tó ń yan ìwé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ṣe gé apá kan ìwé náà kó tó jáde lọ́dún 1940, ọdún 1991 ni ilé ìtẹ̀wé Library of America sì tó tẹ ohun tí wọ́n gé jáde. Invisible Man, ìwé Ralph Ellison tí WAEC yàn láti 2021 sí 2025, jẹ irú ìyà kan náà nítorí ìtàn Trueblood, baba tó fún ọmọ rẹ̀ lóyún.

Ilé ẹjọ́ àtijọ́ ìlú Ìdànrè ṣì wà lórí òkè rẹ̀. Kí olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gòkè lọ síbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Bessie lọ́tọ̀, èyí tí kọ́ọ̀tù inú ìwé kò gbọ́, kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tí kò bá lè ka ojú-ewé Bessie sétígbọ̀ọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó yan ìwé mìíràn.