Ohun Tó Wà Lábẹ́ Gíríìsì

Ìwé atọ́nà tí iléeṣẹ́ Honda ṣe fún alùpùpù CG125 kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sọ pé inú sílíńdà fẹ̀ ní 56.5 mm, pé písítìn ń rin 49.5 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé àlàfo fááfù jẹ́ 0.08 mm bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Nọ́ọ̀tì tí a ó kọ́kọ́ tú, bóòtù tí a ó fún gbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ gbà pé kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan máṣíìnì náà ṣáájú mi. Kò ro ti mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, ti ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú, ti ọ̀gá tí kò rí súpánà tó bá nọ́ọ̀tì mu tó sì fi òòlù yanjú ọ̀rọ̀. Máṣíìnì tó ti lé lógójì ọdún nílẹ̀ wa ti gba ọwọ́ gbogbo wọn kọjá. Nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni adùn iṣẹ́ yìí wà fún mi, pàápàá bí mo bá ko ohun tí n kò retí.

Ẹ má rò pé CG jẹ́ máṣíìnì tó yá bàjẹ́. Àwọn ará Japan tó ṣe é láàárín àwọn ọdún 1970 mọ irú wa dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé a kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, pé a kì í yẹ nǹkan wò àfi tó bá ń pariwo. Wọn ò wá fi ṣéènì kékeré yí kámù lórí ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n gbé kámù wálẹ̀, wọ́n fi gíà yí i, wọ́n fi ọ̀pá méjì ti fááfù láti ìsàlẹ̀. Ohun tó lè dẹ̀ tàbí kó já dín kù nìyẹn. CG yìí ni Honda fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alùpùpù ní Manaus, ní ilẹ̀ Brazil, ní 1976. Ní Pakistan, ó máa pẹ́ kí wọ́n tó ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀, bí wọ́n bá máa ṣíwọ́ rárá. Ní 1979 ni Honda dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ní Ọ̀tà. Èyí tó wá ṣọ̀wọ́n báyìí ni ti àwọn ọdún 1970 tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì bá pépà rẹ̀ mu, torí iṣẹ́ ọ̀kadà ti pa púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Tíṣà gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí kò ju ríìngì lọ: "Ọmọ mi, èéfín ló ń rú. Bá mi pààrọ̀ ríìngì sí i, kí n lè máa gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Èéfín búlúù ni lóòótọ́, ọ́ìlì ló ń jó. A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo ibí."

Ọmọ iṣẹ́ mi ti yọ ìbòrí apá òsì, níbi tí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú wà. Gíríìsì àti iyanrìn ti dì pọ̀ níbẹ̀, ó le bí ọ̀dà ojú títì. Mo ní kó fi pátákó há a, kó gbé síkúrúdíráfà sílẹ̀, torí alumíníọ̀mù rọ̀, irin á fa ojú rẹ̀ ya. Bó ti ń há a ni àwọ̀ mìíràn yọjú lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè, tó ń dán díẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jáde nínú túùbù méjì kí wọ́n tó pò ó pọ̀.

Àwọn kan á bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa dà, wọ́n á ṣe ríìngì tí wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbowó wọn. Àwọn mìíràn á ki sísẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi a máa fa àpótí jókòó ni. Títú àti dídì, ọmọ iṣẹ́ tó bá lójú inú á mọ̀ ọ́n kó tó gba fírídọ̀mù. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá yọ irú èyí síni ni a tó ń mọ ẹni tí iṣẹ́ yé, torí kò sí ojú ewé tí yóò ṣí wò. Ó ní láti ronú.

Ẹ jẹ́ ká tọpa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ CG ìgbà náà ló ní ìbòrí irin tó bo ṣéènì látòkè délẹ̀. Ti Bàbá kò ní, ṣùgbọ́n ihò bóòtù tó gbé e dúró rí ṣì wà lára irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn tó ń gun máṣíìnì kì í fẹ́ ìbòrí yìí. Wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ dúró bí táyà bá jò. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, iyanrìn á wọ ṣéènì, ṣéènì á gbẹ, á gùn sí i, á máa fò lórí eyín sípírókẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan á já. Bó bá já lórí eré, sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú ò ní dúró. Á máa wọ́ ṣéènì tó já wọlé, ṣéènì á ká jọ sẹ́yìn rẹ̀, kò sì níbi tó máa gbà. Ògiri ilé ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ kò nípọn rárá. Òun ló máa fọ́.

Ẹgbẹ́ mi kan tó yà wá kí mi ti ń bú ẹni tó lẹ̀ ẹ́. N kò bá a dá sí i. Nígbà tí mo wò ó sún mọ́, mo rí i pé ẹni náà fi nǹkan há ojú alumíníọ̀mù kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú, ó sì ge páànù agolo tẹ́ sábẹ́ kí gọ́ọ̀mù má baà ṣàn wọnú gíà. Ẹni tó ronú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo kí i.

Mo ránṣẹ́ pe Bàbá. N kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Ẹni tó ni máṣíìnì á kàn rò pé a fẹ́ fẹ owó lójú ni. Ó yẹ kó fojú ara rẹ̀ rí i kí a tó fọwọ́ kàn án. Bàbá dé, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Háà! Ọ̀nà Ìsẹ́yìn!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ ni ṣéènì ti já mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló bá mi lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n ṣáà fi dé Ìbàdàn. Mo fi dé Ìbàdàn, mo tún ń lọ, mo ń bọ̀, mo wá gbàgbé."

Ihò tó wà lábẹ́ gọ́ọ̀mù kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ihò kì í bà mí lẹ́rù. Ohun tí mò ń wá ni ibi tí sísán rẹ̀ rìn dé, ojú lásán kì í sì í rí i. A fi bẹntiróòlù fọ ibẹ̀, a nù ún gbẹ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun kẹrosíìnì sí i, mo fi í sílẹ̀ kó mu ún dáadáa, mo tún nù ún. Mo wá lọ ẹfun kúnná, mo bù ú bo gbogbo ibẹ̀. Kẹrosíìnì tó bá ti sá wọnú sísán á máa jáde díẹ̀díẹ̀, ẹfun á sì máa fà á mu. Kò pẹ́ tí ìlà kan fi yọ lójú ẹfun náà, ó tín-ín-rín, ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ó ti ẹ̀gbẹ́ ihò jáde, ó rọra yí gba ìdí bóòtù kan kọjá, ó dorí kọ ìjókòó bẹ́ríìnì tó gbé ọ̀pá sípírókẹ́ẹ̀tì dúró. Ó ku díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀ ni, ǹ bá ní kí Bàbá lọ wá òmíràn, torí iná jórinjórin kì í jẹ́ kí ìjókòó bẹ́ríìnì róbótó bó ti yẹ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé kí a ra apá òsì ilé ẹ́ńjìnnì mìíràn. Kò ṣòro, ẹni tó bá mọ Nnewi mọ̀ pé kò sí ẹ̀yà ara CG tí kò sí níbẹ̀, tuntun tàbí tòkúnbọ̀. Àmọ́ apá òsì yẹn gan-an ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tí Bàbá fi rà á lọ nìyẹn, pépà wọn ò sì ní bá máṣíìnì mu mọ́. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Jó o fún mi."

Àkọ́kọ́, bẹ́ríìnì ní láti jáde. Àwọn kan á máa fi òòlù gbá a. Iná ni tèmi: alumíníọ̀mù ń wú tó ìlọ́po méjì irin bí iná bá kàn án, nítorí náà bí ilé ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná ju omi híhó lọ díẹ̀, bẹ́ríìnì á já bọ́ fúnra rẹ̀. (Ààrò ìyàwó mi ni mo fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ti ra tèmi.) Lẹ́yìn náà, mo lu ihò kékeré kan sí orí ibi tí sísán náà parí sí kó má baà rìn síwájú mọ́, mo sì gbẹ́ ojú rẹ̀ fẹ̀ kí iná lè wọ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fọ irú ibẹ̀, ẹ má lo kọ́sítíìkì sódà tí àwọn ọmọ kan fi ń fọ gíríìsì, ẹ jọ̀ọ́, ó ń jẹ alumíníọ̀mù.

Jórinjórin tó bá mi ṣe é ń lo gáàsì ágọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọwọ́ kó lọ wo irú wọn lẹ́nu iṣẹ́. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó ń kìlọ̀ fúnni. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C, bó sì ti wà ní àwọ̀ tirẹ̀ ni yóò kàn wó lulẹ̀. Ó ní kí a di apá méjèèjì ilé ẹ́ńjìnnì papọ̀ kí iná má baà lọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ń yá a níná, ó ń wọ́n omi sí i, bí omi ṣe ń fò lórí rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ó tó. Ọ́ìlì tó ti wọnú ara rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn jáde. Ó dúró, ó nù ún, ó tún yá a níná, ó tún nù ún, títí kò fi rí èéfín mọ́. Ìgbà yẹn ló tó tan iná gidi. Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí, ó sì bò ó mọ́ inú iyanrìn gbígbẹ kó rọra tutù.

A gbé ojú ilé ẹ́ńjìnnì lé dígí nípọn, a wò ó bóyá ó lọ́. A fi páòdà lílọ̀ tó rọ̀ lọ ibi tó ga díẹ̀. Mo di bẹ́ríìnì àti ọ̀pá pa dà, mo fi ìka kan yí i, ó yí láìgbọ̀n. A da kẹrosíìnì sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Ti ríìngì tí Bàbá torí ẹ̀ wá kò le. 0.50 ni a bá lórí písítìn, ìyẹn ni pé wọ́n ti ríbọọ̀ rẹ̀ rí, wọ́n ti fẹ inú sílíńdà ní 0.50 mm ju ti àkọ́kọ́ lọ. A gbé e lọ sí 0.75. 1.00 nìkan ló kù kó tó gba sílíńdà tuntun, mo sì ti sọ fún wọn. Kóńródì ò mì lókè-nísàlẹ̀, a fi í sílẹ̀.

Mo rí ìbòrí ṣéènì fún un, ti Pakistan, ó bá a mu lẹ́yìn tí a fẹ ihò kan díẹ̀. Inú Bàbá ò dùn sí i. Wọ́n ní ó sọ máṣíìnì àwọn di ti pásítọ̀ àgbà. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ní ẹ fẹ́ máa gùn ún lọ?" Wọn ò tíì yọ ọ́.