Àtẹ́lẹwọ́ Kọ́ Ni Yóò Wọ Kóòtù

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí pa àwa ọmọdé lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n aṣọ kan wà ní ilẹ̀ Scotland tí òwe náà bá mu gan-an. Tweed ni orúkọ rẹ̀, aṣọ irun àgùntàn tó nípọn, tí ènìyàn lè wọ̀ fún ogún ọdún kó tó di àkísà. Ohun tó máa pẹ́ lára tó báyìí kò yẹ kí a fi ìwàǹwára yàn. Èrò mi ni pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà yàn án kò dára: wọ́n ń wo àpẹẹrẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n sì ń fi ra ohun tí yóò bo gbogbo àyà àti ẹ̀yìn.

Èyí tó lókìkí jù ni Harris Tweed. Òfin tí wọ́n ṣe ní London ní ọdún 1993 sọ pé irun àgùntàn lásán ni kí wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n pa irun náà láró kí wọ́n sì ran án ní àwọn erékùṣù Outer Hebrides, kí ahunṣọ sì fi ọwọ́ hun ún nínú ilé ara rẹ̀ níbẹ̀. Kí irun tó di òwú ni wọ́n ti ń pa á láró, tí wọ́n á sì po àwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ sínú fọ́nrán kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí aṣọ tó dà bí ilẹ̀ lásán lókèèrè fi ń fi pupa, búlúù àti yẹ́lò hàn nígbà tí a bá sún mọ́ ọn. Mítà kan rẹ̀ sún mọ́ ìdajì kílógíráàmù.

Ojú méjì ni aṣọ yìí ní, ojú tòsí àti ojú òkèèrè. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olówó tó ní ilẹ̀ ọdẹ lórí òkè Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í yan tweed tiwọn fún àwọn tó ń ṣọ́ igbó wọn. Àwọ̀ òkúta àti koríko ibẹ̀ ni wọ́n ń wò, kí ẹran má baà tètè rí ọdẹ. Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, yan ti Balmoral, aláwọ̀ eérú bí òkúta agbègbè náà. Ẹtù tiwa náà ní ojú méjì yìí: ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ tó dábùú ara wọn jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù, ṣùgbọ́n lókèèrè, aṣọ dúdú la máa rí.

Àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń gbé ní Aberdeen fẹ́ dá kóòtù kan lọ́dọ̀ télọ̀, irú èyí tí ènìyàn ń wọ̀ sórí ṣòkòtò tí kì í ṣe ara aṣọ kan náà. Wọ́n fi àwòrán tweed mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Bàbá mi fọwọ́ sí èyí tí ìlà pupa rẹ̀ fẹ̀ jù, wọ́n ní Yorùbá kì í ra aṣọ kó má hàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ kóòtù kan ṣoṣo ni owó àbúrò wọn ká, ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ. Onígun mẹ́rin kan péré ló hàn nínú àwòrán náà. Lára ènìyàn, yóò di ogún. Kóòtù tí gbogbo ènìyàn bá rántí kò ṣeé wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ náà yóò pọ̀ sí i: ìlà àpò gbọ́dọ̀ bá ti àyà dọ́gba, ti apá gbọ́dọ̀ bá ti ara mu, ti ẹ̀yìn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Bí ìlà bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni aṣọ tí yóò ṣòfò ń pọ̀ sí i. Àwòrán kò sọ èyí fún wa, kò sì lè sọ bí aṣọ náà ṣe wúwo tó.

Àwọn kan á ní bátànì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ní ọdún 2006, oníṣòwò kan ra ilé iṣẹ́ Harris Tweed tó tóbi jù ní Stornoway. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bátànì ló bá níbẹ̀. Èyí tó fi sílẹ̀ kò ju iye ìka ọwọ́ kan lọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ahunṣọ. Ní ọdún 2007, àwọn mìíràn tún ilé iṣẹ́ Shawbost ṣí, wọ́n dá ọ̀pọ̀ bátànì padà, òfì sì tún ń dún nínú ilé. Yíyàn tí oníbàárà ń yàn ló ń bọ́ ahunṣọ.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ dá kóòtù tweed béèrè aṣọ tó tó mítà kan. Kó gbé e sí èjìká, kó rìn jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó láti òdìkejì títì. Bí ó bá wúwo jù fún ibi tó ń gbé, bí Èkó tiwa níbí, kó dá a padà láìtijú. Ẹ jẹ́ kí aṣọ kọ́kọ́ gun èjìká, kí owó tó jáde lápò.