Ìbéèrè Òmùgọ̀ Lórí Ọpọlọ

Ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ MRI lè má ṣe ohunkóhun, síbẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ kì í sinmi. Ní 1995, Bharat Biswal àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin fi hàn pé apá òsì àti apá ọ̀tún ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ jọ ń lọ sókè-sódò nígbà tí ọwọ́ méjèèjì wà jẹ́ẹ́, bí onílù méjì tí kò ríra wọn tí ìlù wọn sì ń bára mu. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tọpa o, kì í ṣe èrò ọkàn.

Àwọn apá ọpọlọ tó ń lù pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi ń wá. Nínú dátà iṣẹ́ ìwádìí ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Human Connectome Project, ọpọlọ ẹnì kan pín sí ààyè 91,282. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìyókù, ìfiwéra náà lé ní bílíọ̀nù 4.

Káàdì GPU, tí wọ́n ṣe fún àwọn onígéèmù, ló gbà wá. Ìsọdipúpọ̀ lásán ni ìfiwéra yìí, ọ̀kan kì í sì í dúró de èkejì, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Látìgbà tí ilé iṣẹ́ NVIDIA ti gbé CUDA, ètò tó ń jẹ́ ká fi káàdì ṣe ìṣirò, jáde ní 2007, a ò tún díbọ́n fún káàdì mọ́ pé àwòrán la fẹ́ kó yà.

Ní báyìí, mo tẹ ibì kan lórí àwòrán ọpọlọ, gbogbo ibi tó ń bá a rìn tàn. Mo sún ìka, àwòrán yí padà. Nígbà tí ìdáhùn bá di ọ̀la, ìbéèrè tó dáni lójú nìkan lèèyàn ń béèrè. Tí kò bá pẹ́ rárá, à á lè béèrè ti òmùgọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Àmọ́ bí ẹni náà bá mi orí díẹ̀, ibi púpọ̀ á jọ yí padà, àwòrán á sì rẹwà bákan náà. Káàdì ò mọ̀yàtọ̀. Fífọ dátà mọ́, tẹ́nikẹ́ni kì í yìn, ló ń gba àkókò mi jù.

Iṣẹ́ GPU tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti Anders Eklund ní Sweden, tòun ti Thomas Nichols àti Hans Knutsson. Ní 2016, wọ́n pín àwọn tó kàn sinmi nínú ẹ̀rọ sí ẹgbẹ́ láìṣàyàn, wọ́n sì ṣe ìtúpalẹ̀ bíi mílíọ̀nù 3, níbi tí kò yẹ kí ìyàtọ̀ kankan wà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò sì ń rí i: nígbà mìíràn àṣìṣe náà tó 70 nínú 100, dípò 5 tí a gbà láyè. Láìsí iyára, ta ni ì bá dán an wò? Ní tèmi, bí àwòrán kan bá tàn jù, mo máa ń ti àkókò ààyè tí mo tẹ̀ síwá-sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà, kí n wò ó bóyá yóò ṣì tàn.