Ọmọ Ayò Tó Ní Orúkọ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí ní Imeke níbí. Bàbá Tíṣà kì í ṣe bàbá mi o, àna mi ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Èkó sì fi láàpútọ́ọ̀pù àlòkù kan ránṣẹ́ sí wọn. Mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìwọ akọ̀wé ìwé ìròyìn," ni wọ́n wí, "ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan báyìí. Bá mi wá géèmù kan. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù o! Ọmọ-ọmọ mi gbé ti bọ́ọ̀lù wá lánàá. Kí n tó mọ ibi tí mo máa tẹ̀, wọ́n ti gbá gòólù mẹ́rin wọlé mi."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọpọ́n ayò Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ máa ń ta á lábẹ́ igi máńgòrò nírọ̀lẹ́ ti papò dà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ò ní sùúrù ayò. Àwọn tó sì ní sùúrù, Bàbá ní wọn ò mọ̀ ọ́n ta. Ẹni tí wọ́n á máa bá jà ni wọ́n ń wá, ẹni tí kì í kánjú.

Mo mọ̀ pé Bàbá Tíṣà nìkan kọ́ ló wà nírú ipò yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ ọ́ lóṣù yìí. Ẹ̀yà géèmù kan wà tó jẹ́ pé àwọn tí ọwọ́ wọn ò yá mọ́ ló yẹ. Èmi a máa pè é ní géèmù ó-kàn-mí-ó-kàn-ọ́. Ẹ ó ní àwọn ọmọ ogun tiyín, kọ̀ǹpútà á ní tirẹ̀. Bí ó bá kàn yín, ẹ ó gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan síbi tó wù yín, ẹ ó sọ ẹni tí yóò bá jà. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ó ní kó kan ẹnìkejì. Ẹ lè fi wákàtí kan ronú. Ẹ lè dìde lọ jẹun, kọ̀ǹpútà á dúró dè yín, kò ní pòṣé.

Ẹni tó bá mọ ayò ti mọ ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ìdajì kejì wà tí ayò ò ní. Nínú ayò, ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni, gbogbo wọn sì rí bákan náà. Ẹ jẹ mẹ́ta, wọ́n jẹ méjì lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé èwo ni. Nínú géèmù tí mò ń wí yìí, ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Bó ṣe ń jagun ló ń gbọ́n sí i, tó ń gòkè ipò, tó ń di ọ̀gá. Ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ ogun bíi gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní àná lè di balógun lọ́la. Bí ó bá sì kú, balógun lẹ pàdánù, kì í ṣe ọmọ ayò.

Wàyí o, bí ẹ bá bi àwọn ọ̀jẹ̀ nínú eré yìí pé kí ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ta, ọ̀pọ̀ wọn á pariwo orúkọ kan náà: Final Fantasy Tactics. Ní Japan ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1997 fún PlayStation àkọ́kọ́. Ó wọ fóònù Android ní 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2025. Wọn ò purọ́ pé ó dára. Bí ẹ bá ń wá ìtàn, mi ò tíì rí èyí tó kọjá rẹ̀ nínú ẹ̀yà yìí. Ogun àádọ́ta ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ìlú wọn ló sì pàdánù. Wọ́n lé àwọn sójà sílé láìfún wọn ní nǹkan kan, àwọn sójà wọ̀nyẹn sì gba inú igbó lọ, wọ́n di ọlọ́ṣà. Wọ́n wá kó àwọn ọmọ ilé ọlọ́lá jọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ pa wọ́n. Ramza, ọmọ ilé ọlọ́lá, wà lára wọn. Delita náà wà níbẹ̀, òrukàn tí wọ́n tọ́ nínú ilé kan náà pẹ̀lú Ramza, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń ṣeré, àmọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ilé.

Èmi tí mo dàgbà nílẹ̀ yìí, a ò gbọdọ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí ọmọ onílé àti ọmọ alágbàtọ́ jọ wà, tí wọ́n jọ wọ irú aṣọ kan náà lọ́jọ́ ọdún, títí di ọjọ́ tí owó ilé ìwé ò tó ẹni méjì? Nínú géèmù yìí, àbúrò Delita obìnrin làwọn ọlọ́ṣà jí gbé, wọ́n ṣì í mú fún ọmọ ilé ọlọ́lá. Ohun tí ilé ọlọ́lá náà wá ṣe nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yàn láàárín ọmọ òrukàn àti iyì ilé, mi ò ní tú u síhìn-ín. Mo kàn mọ̀ pé mo gbé fóònù mi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì lè sùn.

Síbẹ̀, mi ò fún Bàbá Tíṣà. Ìdí rẹ̀ ni pé géèmù náà kì í gba àlejò mọ́ra. Àtẹ ohun tí ẹ lè kọ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo pọ̀ bí ìwé ìdánwò. Ẹ ò tíì ja ogun tó tó márùn-ún tí wọn ó fi gbé yín dé ìlú kan tó ń jẹ́ Dorter, níbi tí àwọn tafàtafà ti wà lórí òrùlé tí wọ́n ń rọ̀jò ọfà lé yín lórí, tí ẹ̀yin sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti gba ibẹ̀ padà sílé. Ẹni tó bá gba Dorter kọjá, ilé olódi Riovanes wà níwájú: nínú ti àtijọ́, bí ẹ bá fi eré yín pamọ́ láàárín ogun méjì ibẹ̀, tí ẹ ò sì ní pamọ́ mìíràn tẹ́lẹ̀, ẹ lè há síbẹ̀ láìlè jáde, àfi kí ẹ padà síbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ti 2025 ti fi ìpele ìṣòro mẹ́ta sí i, ó sì sàn gan-an fún àlejò, àmọ́ ẹ̀rọ tó lè gbé e àti iye tí wọ́n ń tà á, láàpútọ́ọ̀pù àlòkù kọ́ ni ká máa fi ìyẹn sí.

Èyí kejì tí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ ni Fire Emblem, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1990. Èyí tó kọ́kọ́ kúrò ní Japan wá sọ́dọ̀ àwa tó kù ní 2003 ni olùkọ́ tó dára jù lọ tí mo mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lyn á mú yín lọ́wọ́, á fi yín mọ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀: idà borí àáké, àáké borí ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀ borí idà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á yé e. Àmọ́ ẹ̀rọ Nintendo nìkan ló ń gbé e, ẹ̀rọ Nintendo ò sì pọ̀ ní Imeke.

Èyí tí mo wá gbé fún Bàbá ń jẹ́ The Battle for Wesnoth. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David White ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, láti ìgbà náà ni àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn kárí ayé sì ti ń tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n á fi mú yín kí wọ́n tó máa bèèrè owó o, ọ̀fẹ́ gidi. Á jẹ dátà yín tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan mẹ́gábáìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó gbé e. Ohun tó sì mú orí mi wú jù ni pé gbogbo ìgbà tó bá ti kàn yín ló máa ń fi eré yín pamọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí iná ṣe ń lọ lọ́dọ̀ tiwa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bí bátìrì kú, ogun ò tú ká.

Ilẹ̀ ibẹ̀ pín sí ojúlé onígun mẹ́fà. Igbó wà, odò wà, òkè wà, ibi tí èèyàn bá dúró sí ló ń sọ bí yóò ṣe rọrùn tó láti bà á. Ilẹ̀ a máa ṣú, ilẹ̀ a sì máa mọ́, ìyẹn sì kan ìjà gan-an: ní ọ̀sán, agbára àwọn ọmọ ogun ọba ń fi ìdámẹ́rin lé sí i, ní òru, ó ń dín ní ìdámẹ́rin, agbára àwọn òǹrorò tí wọ́n ń pè ní orc á sì gba iwájú. Nítorí náà ẹ ó kọ́ láti sá nírọ̀lẹ́, ẹ ó kọ́ láti lé wọn ní àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà kó ta A Tale of Two Brothers, ogun mẹ́rin péré ni, kó tó bọ́ sí Heir to the Throne tó gùn.

Ó ní àléébù o. Ìtàn rẹ̀ ò jinlẹ̀: ọmọ ọba tí wọ́n fi pamọ́, ayaba òǹrorò, àgbà oṣó onírùngbọ̀n, ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwòrán rẹ̀ ò dán. Oríire sì ń kó bá èèyàn. Wọ́n á sọ fún yín pé ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ọfà á bá a. Ẹ ó ta mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ sínú igbó. Ẹni tí kò bá lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀, kó wá Into the Breach, ti 2018, níbi tí ọ̀tá ti máa ń fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín kó tó ṣe é, lórí pátákó kékeré bíi ti ṣẹ́ẹ̀sì. Ọlọ́gbọ́n eré nìyẹn, àmọ́ kò ní orúkọ àti ìdàgbàsókè ọmọ ogun tó bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí gan-an ṣẹlẹ̀ nígbà tí Bàbá ti wọ Heir to the Throne dáadáa. Wọ́n ní obìnrin kan nínú àwọn elf, àwọn ará igbó ẹlẹ́tí ṣóńṣó, tó ń wo àwọn tó dúró tì í sàn. Géèmù náà gbà kí ẹ yí orúkọ ọmọ ogun padà, Bàbá bá pè é ní Nọ́ọ̀sì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ti wà pẹ̀lú wọn, ó ti gòkè ipò, gbogbo ogun Bàbá ló rọ̀ mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi í sílẹ̀ létí ìlà, wọ́n ní ojúlé kan péré ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Orc kan gba ojúlé yẹn wọlé. Òru ni. Nọ́ọ̀sì kú.

Ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n dá a padà sí ìgbà tó kàn yín kẹ́yìn. Kò tíì kú."

Bàbá lu ọwọ́ ọmọ náà kúrò. "Ayò tí mo bá ti sọ sílẹ̀, mi ò ní kó o padà."

"Àmọ́ géèmù ni, Bàbá àgbà."

"Ayò náà ńkọ́?"

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín: èmi a máa dá a padà. Mo ti dá a padà títí ọwọ́ fi ro mí. Àwọn tó ń ṣe Fire Emblem pàápàá ti gbà fún irú wa láti 2010, wọ́n fi ọ̀nà kan sí i tí ẹni tó bá ṣubú fi lè dìde nínú ogun tó kàn, mi ò sì bá ẹni tó yàn án wí. Ṣùgbọ́n mo wo Bàbá lẹ́yìn ọjọ́ náà. Wọn ò ní olùwòsàn mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn abúlé tó wà lójú ilẹ̀ ṣe ilé ìwòsàn, torí ẹni tó bá sinmi níbẹ̀ ń gba ìlera. Wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ padà sí abúlé kí wọ́n tó ka ìṣísẹ̀ lọ sí iwájú. Wọ́n ń ka orc tó kù bí ẹni tó ń ka odù lójú ọpọ́n. Èmi tí mò ń dá a padà, ọgbọ́n tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì ń lò.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí kí ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa wò kó tó mú géèmù, mi ò ní wo òkìkí rẹ̀. Màá bèèrè pé kí ni ó ń fi àṣìṣe mi ṣe. Ti Riovanes ń fi í há èèyàn mọ́lé, láìkìlọ̀. Ti Wesnoth ń fi ewu náà hàn yín kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ó ń sọ fún yín ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ bá wá gbé e, á jẹ́ kó dùn yín, á sì jẹ́ kí ogun máa lọ.

Ẹnìkan bi mí pé ti ilẹ̀ wa ńkọ́. Àwọn ará Cameroon gbé Aurion jáde ní 2016 láti Yaoundé, pẹ̀lú ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ dúdú, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìjà ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìka yíyá ló ń fẹ́. Kò ní sàn fún Bàbá ju ti bọ́ọ̀lù lọ.

Mo yà kí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ayaba òǹrorò náà, wọ́n sì ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ-ọmọ wọn nípa èyí tí òrukàn àti ọmọ ọlọ́lá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Mo ní kí wọ́n ṣì ṣe sùúrù díẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ta ni mò ń sọ fún pé kó ṣe sùúrù.