Àgbò Méjì àti Koto Kan: Àgbéyẹ̀wò Àlàyé lórí Ìgbépọ̀ Àwọn Ẹranko Ajẹran nínú Igbó Orí Òkè

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn pé alágbára méjì kò lè gbé ibì kan náà. Síbẹ̀, nínú àwọn igbó agbègbè òkè Western Ghats ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹranko ajẹran ńlá mẹ́ta ló ń gbé pọ̀: ẹkùn abilà, àmọ̀tẹ́kùn àti ajá igbó pupa tí ń kó ara wọn jọ ṣọdẹ. Ẹkùn abilà kì í ṣe ẹranko igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Àmọ̀tẹ́kùn yìí gan-an ni ẹkùn tí àwọn oníjàálá ń kì.

Ohun tí Àwọn Onímọ̀ Sọ
Ní ọdún 1995, K. Ullas Karanth àti Melvin Sunquist gbé iṣẹ́ jáde lórí igbó Nagarahole. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn ẹranko náà àti òkú ẹran tí wọ́n pa wò. Ní ìpíndọ́gba, ẹran tí ẹkùn abilà ń pa wọn kílógíráàmù 91.5; ti ajá igbó jẹ́ 43.4, ti àmọ̀tẹ́kùn sì jẹ́ 37.6. Èrò wọn ni pé ìyàtọ̀ nínú irú ẹran àti ìtóbi ẹran tí oníkálukú ń yàn ló jẹ́ kí wọ́n lè gbé pọ̀.

Àríwísí
Àlàyé yìí múná dóko nípa ẹkùn abilà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹran tí àmọ̀tẹ́kùn àti ajá igbó ń pa kò jìnnà síra. Ìtóbi ẹran nìkan kò lè tú kókó náà. Bákan náà, ìgbẹ́ lè sọ ohun tí ẹranko jẹ, kò lè sọ ẹni tó yà fún ẹnìkejì lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ tí Karanth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017 ló dí àlàfo yìí. Kámẹ́rà tí wọ́n dẹ sínú igbó mẹ́rin fi hàn pé ọ̀sán ni ajá igbó ń rìn jù, nígbà tí àwọn méjì yòókù fẹ́ràn òru. Ní Nagarahole, ṣe ni àmọ̀tẹ́kùn ń yẹra fún ẹkùn abilà.

Ìgúnlẹ̀
Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ìfẹ́ ló so àwọn ẹranko wọ̀nyí pọ̀. Òwe náà kò sì purọ́. "Kan" ni ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ró. Koto inú igbó náà ju ẹyọ kan lọ: ẹran ńlá wà, ẹran kékeré wà, ọ̀sán wà, òru sì wà. Bí àwọn ọdẹ bá pa àgbọ̀nrín àti màlúù igbó tán, koto yóò ku ẹyọ kan, ìjà yóò sì dé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dáàbò bo ẹkùn láìdáàbò bo ohun tí ẹkùn ń jẹ, omi ló ń dà sínú apẹ̀rẹ̀.