Ṣé Àìdìbò Náà, Ìbò Ni?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí òun náà ti ń kọ́ni ní yunifásítì báyìí, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mi ò ní dìbò ní 2027. Àìdìbò mi náà, ìbò ni." Ó ní kí n fèsì síbi tí gbogbo yín ti lè kà á. Èmi náà ti gba irú gbólóhùn yìí gbọ́ rí, màá dé orí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe máa ń yẹ gbólóhùn wò ní kíláàsì.

Pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sílé, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Òfin ilẹ̀ wa fún ẹni tó ti pé ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Kò sọ ọ́ di dandan bí wọ́n ti ṣe ní Ọsirélíà láti 1924. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sọ pé òun lẹ́tọ̀ọ́. Ohun tó sọ ni pé àìjáde òun ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló ń gbọ́ ọ?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìbò. Kó tó dé orí ìwé ìdìbò ló ti wà lọ́dọ̀ babaláwo. Ẹni tó wá dáfá á mú ìbò dání: owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. (Oríṣi mìíràn wà, ṣùgbọ́n méjì yìí tó wa.) Ẹ ṣàkíyèsí pé "bẹ́ẹ̀ kọ́" ní ohun tirẹ̀ tí a ń fọwọ́ mú. Ọwọ́ òfìfo kò sí lára ìbò. Lórí ìwé ìdìbò tiwa, owó ẹyọ ló kún ibẹ̀, APC, PDP, Labour àti àwọn yòókù. Egungun kò sí. Íńdíà fi egungun sí tiwọn ní 2013, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n wá àyè fún ẹni tí kò fẹ́ ìkankan nínú àwọn olùdíje. Kò lè dá ẹni tó borí dúró, àmọ́ wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń kéde iye rẹ̀. Àìsí irú rẹ̀ níbí, àbùkù ni, mi ò sì ní bá akẹ́kọ̀ọ́ mi jiyàn lórí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan láàárín yín ti ń rántí igbá òfìfo. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ fún un, ọba á sì mọ̀ pé ikú ló kàn. Igbá ṣófo, ó sì sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ àrokò nìyẹn. Ó ní ẹni tó rán an, ẹni tó gbé e, ẹni tí wọ́n rán an sí, àti ìtumọ̀ tí gbogbo wọn ti mọ̀ kí igbá tó kúrò nílé. Ká ní igbá òfìfo kan kàn wà nílẹ̀ láàfin ni, wọ́n á ní ẹrú kan ló gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Nǹkan tí mo ń sọ hàn nínú 27 méjì kan. Ní 25 oṣù kejì 2023, orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé àwọn olùdìbò Nàìjíríà. Àwọn tó dìbò jẹ́ 24,965,218, bí ìdá 27 nínú 100. Ẹni tó wọlé ní 8,794,726. Ní Benin tó múlé tì wá, ní 28 oṣù kẹrin 2019, bí ìdá 27 náà ló jáde láti yan àwọn aṣòfin. Nọ́ńbà kan náà ni, bí ọkọ̀ àti ọkọ́ ṣe jọra tí ẹ bá yọ àmì wọn kúrò. Ní Benin, wọ́n ti ti àwọn ẹgbẹ́ alátakò síta. Ẹgbẹ́ méjì péré, tí méjèèjì wà lẹ́yìn Ààrẹ Talon, ló kù lórí ìwé. Ààrẹ àná méjì, Nicéphore Soglo àti Boni Yayi, ní kí àwọn èèyàn má jáde. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ìjókòó yẹn wí, torí àwọn tó ni ín ti fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì pín gbogbo àga 83 náà, wọ́n sì jókòó lórí rẹ̀ títí di 2023.

Tiwa ńkọ́? Ó lé ní mílíọ̀nù 68 tí kò dìbò. Ó lé ní mílíọ̀nù 6 tí kò tíì gba káàdì rárá. Àwọn kan ti kú, orúkọ wọn ló kù. Àwọn kan ti kó kúrò níbi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, àwọn kan ń bẹ̀rù jàǹdùkú, àwọn kan sùn. Inú ń bí àwọn kan gidigidi. Ta ló lè ya wọn sọ́tọ̀? Kódà nínú ìwé 939,278 tí wọ́n fagi lé lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ àti èyí tí ọwọ́ ṣì tẹ̀.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbí. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ 2019, mi ò jáde. Kò sí ẹni tó wù mí nínú wọn. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìlú-Àbò níbí, mo ń kàwé, mo sì gbà lọ́kàn mi pé mo ń fẹ̀hónú hàn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó ti hàn. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ìyá kan ládùúgbò gbé àgbo ibà wá. Ó ní òun ò rí Bàbá níbi ìdìbò, òun sì ti mọ̀ pé ara ni kò yá. Mo gba àgbo, mo dúpẹ́. Kí ni ǹ bá sọ? Èmi tí mo fi bí ogójì ọdún kọ́ àwọn èèyàn nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ní ìtumọ̀, gbólóhùn tí mo fi odindi ọjọ́ kan sọ, ibà ni wọ́n kà á sí.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa yìí, ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kẹjọ 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́bóríowó ti borí Ajásin, Àkúrẹ́ gbiná, èèyàn kú, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin. Ní 2007 wọ́n kéde Àgágú; ní 23 oṣù kejì 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Mímíkò ló borí. Kí ni àwọn adájọ́ rí yẹ̀ wò? Ìbò tí àwọn èèyàn dì ni. Wọn ò lè yẹ ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò.

Kí n má ṣàbòsí, ibì kan wà nínú òfin wa tí ìjókòó sílé ti ní iye. Ẹni tó bá fẹ́ pe sẹ́nétọ̀ padà gbọ́dọ̀ rí ju ìlàjì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà, kì í ṣe ìlàjì àwọn tó jáde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Dino Melaye padà láti Ìwọ̀ Oòrùn Kogí ní oṣù kẹrin 2018, ẹni 18,742 péré ni àyẹ̀wò fìdí wọn múlẹ̀ nínú 351,146. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn tó jókòó sílé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òfin ti la etí sílẹ̀ dè wọ́n. Níbi ìbò ààrẹ àti gómìnà, àwọn tó dìbò nìkan ni òfin ń kà.

Àwọn tí ń sọ pé "dìbò kóo sebẹ̀" mọ èyí jù wá lọ. Bí àwa tí a ò fẹ́ gba owó wọn bá ṣe ń jókòó tó, bẹ́ẹ̀ ni iye ìbò tí wọ́n ní láti rà ṣe ń dín kù. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ò bá ní dìbò, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó wá àwọn tó ronú bíi tirẹ̀, kí wọ́n kéde orúkọ wọn àti ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó jáde. Màá pè é ní ìpinnu òṣèlú, màá sì bọ̀wọ̀ fún un. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn, a jẹ́ pé ó kàn sinmi lọ́jọ́ náà ni.

Ní 16 oṣù kọkànlá 2024, lọ́jọ́ ìbò gómìnà, mo lọ. Ẹ̀rọ ò dá àtàǹpàkò mi mọ̀, ọjọ́ orí ti pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Ojú mi ni wọ́n yà kí wọ́n tó fún mi níwèé. Ìyá alágbo wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. Ó ní, "Bàbá, ara ti wá le nìyẹn."