Àdó Olóró Aláwọ̀ Dúdú: Àyẹ̀wò Iyàn Tí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Wa Jà

  

Bí orílẹ̀-èdè kan tó ń bá wa ṣọ̀tá bá ń wá àdó olóró núkílíà, kí ni kí àwa náà ṣe? Àwọn kan gbà pé èsì rẹ̀ kò le: kí a wá tiwa. Nígbà tí Íńdíà dán tirẹ̀ wò ní May 1998, tí Pakísítánì sì fèsì ní ọjọ́ 28 oṣù yẹn kan náà, inú ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí dùn káàkiri ayé, wọ́n ní àdó olóró Ìsìláàmù ti dé. Àwọn ọ̀dọ́ wa lè máa rò pé iyàn òkèèrè ni. Rárá o. Nàìjíríà ti ja iyàn yìí kí Pakísítánì tó yìn tirẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ló sì jà á. Ohun tí wọ́n sọ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ká wo ibi tó ti mú ọgbọ́n dání àti ibi tó ti jò.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó wà ní Pretoria ni ọ̀tá ìgbà náà. Ní August 1977, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì rí ibi tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ní aṣálẹ̀ Kalahari láti fi dán àdó olóró wò. Ní ọjọ́ 22 September 1979, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Vela tún rí ìmọ́lẹ̀ kan tó kọ mànà lẹ́ẹ̀mejì lójú òkun níhà gúúsù. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n Pretoria àti Isirẹ́lì ni ọ̀pọ̀ èèyàn nawọ́ sí.

Ọdún yẹn kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ali Mazrui sọ àwọn àsọyé Reith lórí rédíò BBC. Mùsùlùmí ni, ọmọ Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, bàbá rẹ̀ sì ti jẹ́ Kádì àgbà ilẹ̀ náà rí. Nínú àsọyé rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó ní kí Nàìjíríà, Zaire tí a ń pè ní Congo lónìí, àti Gúúsù Áfíríkà nígbà tó bá bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, wá àdó olóró núkílíà tiwọn. Nígbà tó wá di 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà gbé e síta gbangba: kò yẹ kí a fi agbára yìí sílẹ̀ fún ìran kan ṣoṣo, ẹrù iṣẹ́ ni ó sì jẹ́ lọ́rùn Nàìjíríà láti tú u ká. Bí orúkọ àdó olóró aláwọ̀ dúdú ṣe gbilẹ̀ nìyẹn.

Ká sòótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìyà tí wọ́n fi jẹ wá ló bí i. Ní ọjọ́ 13 February 1960 ni Faransé yin àdó olóró àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ilẹ̀ Mùsùlùmí. Áfíríkà bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n yin ìkẹta ní 27 December, ìjọba Alhaji Abubakar Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé lọ ní ọjọ́ 5 January 1961, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ ojú omi àti bàálù Faransé má ṣe wọ ilẹ̀ wa mọ́. Òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́rin! Ṣùgbọ́n ìfòfindè náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta bá Nìjẹ́ẹ̀ àti Ṣáàdì, àwọn aládùúgbò wa tí kò ní etíkun, a sì ní láti dẹ ọwọ́ rẹ̀. Faransé kò dáwọ́ dúró. Ó ń yìn ín lọ nínú ilẹ̀ Algeria títí di 1966. Ẹni tí wọ́n bá ṣe báyìí fún, tó bá ní òun náà ń wá kùmọ̀, kò yẹ kí a bú u.

Mazrui alára kò sì sọ pé kí a fi pa ẹnikẹ́ni. Èrò tirẹ̀ ni pé àwọn alágbára ayé kò ní kó tiwọn dànù níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ àwọn nìkan ló ni ín. Bó bá dé ọwọ́ àwọn tí wọn kò fọkàn tán, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì gbà kí gbogbo ayé pa á tì. Ẹ̀rù ló fẹ́ fi ṣe oògùn.

Oògùn náà ti di lílò báyìí, ojú wa ló sì ṣe. Íńdíà àti Pakísítánì ní in, Àríwá Kòríà dán tirẹ̀ wò ní 2006. Ta ni nínú àwọn alágbára yẹn ló kó tirẹ̀ dànù? Kò sí ẹnì kan. Ìdí àkọ́kọ́ nìyí tí a fi ní ìmọ̀ràn Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò rere ló gbé e.

Ìkejì tún burú jù ú lọ, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn onímọ̀ gbójú fò ó. Àwọn wo ni à ń gbèjà wọn? Àwọn aláwọ̀ dúdú Gúúsù Áfíríkà ni. Níbo ni wọ́n ń gbé? Soweto nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ Johannesburg ló wà. Ṣé àdó olóró tí a bá jù sí Johannesburg máa yẹ Soweto sílẹ̀ ni? Àwọn ọmọ tí ọlọ́pàá yìnbọn fún ní June 1976, àwọn náà ni tiwa ì bá tún jó.

Bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ti ń ṣe ohun mìíràn tí kò gba àdó olóró. Láti ìparí 1976 ni wọ́n ti dá owó ìrànwọ́ fún gúúsù Áfíríkà sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ sí i. Ní 1979 ni ìjọba gba ilé iṣẹ́ BP nítorí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí Pretoria. Bí a ṣe rí African Petroleum, AP tí gbogbo onímọ́tò mọ̀, nìyẹn. Owó tí òṣìṣẹ́ kékeré yọ nínú ìwọ̀nba tí ó ń gbà, kò pariwo, ṣùgbọ́n ó rán ọmọ olómìnira lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ 24 March 1993, De Klerk jẹ́wọ́ fún ilé aṣòfin wọn pé lóòótọ́ ni àwọn ṣe àdó olóró núkílíà mẹ́fà, pé àwọn sì ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Nàìjíríà kò ní ẹyọ kan nígbà náà. Ohun tó wà nílẹ̀ wa kò ju àdéhùn tí a ti tọwọ́ bọ̀ láti 1968 pé a kò ní wá a.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti ẹ̀sìn. Àwọn tó fẹ́ àdó olóró láàárín àwa Mùsùlùmí ní áyà kan tí wọ́n máa ń gbé wá, ìyẹn áyà 60 nínú súrà Al-Anfáàl, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ kí a pèsè agbára àti ẹṣin ogun sílẹ̀ de ọ̀tá kí ẹ̀rù lè bà á. Áyà náà dúró, ẹnikẹ́ni kò lè yí i. Ṣùgbọ́n wọn kì í ka 61 tó tẹ̀ lé e, pé bí ọ̀tá bá fì sí àlàáfíà, kí a fì sí i. Wọn kì í sì í rántí áyà 190 nínú súrà Al-Bákárà, tó ní kí a bá ẹni tó ń bá wa jà jà, kí a má sì kọjá àlà.

Wọ́n á tún ní: ṣebí Ànábì lo mànjáníkì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ òkúta, nígbà tó ká ìlú Tọ́íìfù mọ́? Àwọn onítàn sọ bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ fíkíìhì sì gbé ìdájọ́ kà á. Ẹ̀rí tó wúwo ni, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ odi ìlú ni wọ́n dojú mànjáníkì kọ. Bí òkúta bá ba ọmọdé, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe kọ́. Àdó olóró núkílíà kò ní odi tó ń wá. Ìlú gan-an ló ń wá, pẹ̀lú aboyún inú rẹ̀ àti aláìsàn orí ibùsùn, bó ti ṣe ní Hiroshima ní 6 August 1945. Ábúbákárì Sìdíìkì sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun tó ń lọ sí Ṣáámù pé wọn ò gbọdọ̀ pa obìnrin, ọmọdé àti arúgbó, wọn ò sì gbọdọ̀ gé igi eléso. Igi eléso o, ẹ̀yin èèyàn! Ẹ wá fi wé ohun tó ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ fún ọmọ tí a kò tíì bí.

Èyí tó kan àwa ará Ìsọlọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àmáánà, ohun tí Ọlọ́hun pàṣẹ rẹ̀ nínú áyà 58 súrà An-Nísáì. Ta ni yóò ṣọ́ ọ? Láàárín ìgbà tí Mazrui sọ̀rọ̀ sí ìgbà tí De Klerk jẹ́wọ́, ológun gbàjọba ní 31 December 1983, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní 27 August 1985, àwọn kan sì fi ìbọn wọ Dodan Barracks nílùú Èkó yìí ní 22 April 1990. Ká ní a ti ṣe é, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ì bá wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ká tiẹ̀ fi ti ìbọn àti olóṣèlú sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, iná ràn dé ibi tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn àdó olóró tí ìjọba fi owó wa rà láti fi gbèjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ọ̀tá kankan kò yìn ín. Àwọn èèyàn tú síta láti Ìkẹjà títí dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá ń wá ọmọ, ọmọ ń wá ìyá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Nígbà tí wọ́n dé kánáàlì Òkè-Afá, koríko ti bo ojú omi, ọ̀pọ̀ rò pé ilẹ̀ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n rì. Àwọn tó kú lé ní 1,000, omi ló pa púpọ̀ jù nínú wọn, ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a sin púpọ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Èjìgbò mọ ibojì náà. Àdó olóró lásán nìyẹn o, kì í ṣe ti núkílíà.

Ẹni tó bá ní ìmọ̀ núkílíà fúnra rẹ̀ jẹ́ hárámù, irọ́ ló pa. Ilé ìwòsàn ń lò ó fún jẹjẹrẹ, yunifásítì wa ní Ifẹ̀ àti Zaria sì ti ń kọ́ ọ láti bí ọdún 1970 síwá. Àní ẹ̀rọ kékeré tó wà ní Zaria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004 pẹ̀lú yùréníọ̀mù tó lágbára tó èyí tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ní 2018 a dá a padà fún Ṣáínà, a sì fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, bí iyàn yìí bá tún jí, yálà nítorí Pretoria ni tàbí nítorí ọ̀tá mìíràn, kí ẹni tó bá ní kí Nàìjíríà ṣe àdó olóró kọ́kọ́ dárúkọ àdúgbò tí yóò gbé e sí, kí ó sì wá sọ ọ́ fún àwọn ará àdúgbò náà lójú ara wọn.